Lẹ́tà Kan Ló Kó Fudge Wọ Ìtàn: Ta Ni Yóò Kọ Ti Baba Dúdú?

  

Inú ìkòkò kan ní Ìmínì ni ìtàn òní ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá ti gba títì Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ rí á mọ agbègbè Afìjìó. Ẹ ó kọjá ní Fìdítì, níbi tí wọ́n ti ń to èso sí ẹ̀bá títì, ẹ ó kan Ìlọrá kí ẹ tó wọ Ọ̀yọ́. Agbègbè yìí náà ni Ìmínì wà, ibẹ̀ sì ni ìyá tó bí ìyá mi ń gbé. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo di agolo kòkó lílọ̀ kan, ṣúgà, mílíìkì àti bọ́tà sínú báàgì, mo kọrí sí ọ̀dọ̀ wọn. Fudge ni mo fẹ́ sè. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá tíì jẹ ẹ́ rí, fudge jẹ́ ìpanu dídùn àwọn ará Amẹ́ríkà: ṣúgà, mílíìkì, bọ́tà àti ṣokoléètì tí wọ́n jùmọ̀ sè títí yóò fi ki, tí wọ́n wá rò ó títí yóò fi fẹ́ dì, tí wọ́n sì gé e ní igun mẹ́rin-mẹ́rin. Kò le bíi tọ́fì. Tí ehín bá ti kàn án báyìí, ó ń yọ́ lọ ni.

Mo ra tẹmọ́mítà ìdáná, nítorí gbogbo fídíò tí mo wò ló ní láìsí i, asán ni. Bí ìkòkò ṣe ń hó lọ́wọ́, bátìrì tẹmọ́mítà kú. Mo fẹ́ pa iná. Màmá tí wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ní, "Má pa á. Bu omi tútù wá." Wọ́n fi ṣíbí mú díẹ̀ nínú ohun tó ń hó náà, wọ́n kán an sínú omi. Ó fọ́nká. Wọ́n ní, "Ó kù." Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, wọ́n tún kán òmíràn. Èyí kóra jọ sísàlẹ̀ ife. Wọ́n fi ìka méjì yí i, ó sì rí roboto, ó rọ̀. "Ó ti tó. Sọ ọ́ kalẹ̀."

Ẹnu yà mí. Ìdánwò omi tútù yẹn gan-an ni àwọn ìwé ìdáná àtijọ́ ní Amẹ́ríkà fi ń kọ́ni, kí tẹmọ́mítà tó wọ ilé ìdáná. Mo bi wọ́n pé, "Màmá, níbo lẹ ti kọ́ fudge?" Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. "Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ baba dúdú nìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò lè gbàgbé, òun ló sì bí ètò tòní. Ohun dídùn méjì ló wà níbẹ̀, tí ọgbọ́n ìsè wọn jọra bí ọmọ ìyá. Ọ̀kan ní ìtàn tí gbogbo ayé lè kà. Èkejì kò ní. Kí ló fà á?

ÀWỌN ỌMỌGE VASSAR

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà. Vassar College wà ní ìlú Poughkeepsie, ní ìpínlẹ̀ New York. Ọdún 1861 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún àwọn obìnrin, nígbà tí ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í gba obìnrin rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Emelyn Hartridge. Nínú lẹ́tà kan tí ó kọ, ó ní ìbátan ọ̀rẹ́ òun kan ló ń ṣe fudge ní ìlú Baltimore ní ọdún 1886, tí wọ́n sì ń tà á ní 40 sẹ́ǹtì fún páùn kan. Hartridge gba bí wọ́n ṣe ń sè é. Nígbà tó di 1888, ó se 30 páùn, ìyẹn bíi kílò 13 àti ààbọ̀, fún ọjà gbàǹjo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ jáde ní Vassar.

Bí ó ṣe gbalẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọge bẹ̀rẹ̀ sí í sè é nínú yàrá wọn lóru, lórí iná àtùpà gáàsì, nígbà tó yẹ kí wọ́n ti sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi kẹ́tù iná se índómì rí nínú họ́sítẹ́lì, ẹ kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Kò pẹ́ tó fi dé Wellesley àti Smith, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì obìnrin mìíràn, tí oníkálukú sì ní bó ṣe ń se tirẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan. Hartridge kò sọ pé òun lòun dá fudge sílẹ̀. Ohun tó ṣe kò ju pé ó sè é, ó sì kọ ọ́. Ó dárúkọ ìlú, ó dárúkọ ọdún, ó kọ iye tí wọ́n ń tà á. Vassar tọ́jú lẹ́tà náà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ ìtàn fudge lónìí, Vassar ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

KÒKÓ DÉ, KÒ YÀ SÍLÉ ÌDÁNÁ

Ní àsìkò kan náà tí àwọn ọmọge wọ̀nyí ń se ṣokoléètì lóru, kòkó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkó ti wá, àwọn ará Mẹ́síkò ayé àtijọ́ a sì máa mu ún. Ilẹ̀ Potogí gbé e dé São Tomé, láti ibẹ̀ ó dé Fernando Po, erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Bioko lónìí.

Ọ̀gágun ojú omi kan wà ní Èkó tó ń jẹ́ James Pinson Labulo Davies. Ẹ lè má mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó ti gbọ́ nípa ìyàwó rẹ̀, Sarah Forbes Bonetta, ọmọ Yorùbá tí Ọbabìnrin Victoria fi ṣe ọmọ ìsàmì. Davies jẹ́ oníṣòwò ńlá, ó ní ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí òwò dojú rú, ó kọjú sí iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní 1879 àti 1880, ó rí irúgbìn kòkó gbà láti inú ọkọ̀ kan tó wá láti Brazil àti láti Fernando Po, ó sì gbìn ín sí oko rẹ̀ ní Ìjàn, nítòsí Agége. Ọdún 1879 yẹn náà ni Tetteh Quarshie gbin irúgbìn tirẹ̀, tó ti gbé wá láti Fernando Po, sí Mampong, ní Gánà.

Lẹ́yìn Davies ni J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ African Church sọ Agége di oko kòkó rẹpẹtẹ. Àwọn ọmọ òkè tó wá ṣe lébìrà níbẹ̀ kọ́ iṣẹ́ náà, wọ́n sì di irúgbìn padà sílé. Ogun Kírìjì ti parí, àwọn tó ti ń gbé ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun mìíràn ṣe. Kòkó gba igbó Ìbàdàn kan, ó dé Iléṣà, Ifẹ̀ àti Oǹdó. Ní 1901, ọkọ̀ ojú irin wọ Ìbàdàn, ẹrù sì rí ọ̀nà dé Èkó. Láti ìhà Ọ̀yọ́ àti àwọn ìlú ọ̀dàn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú igbó kòkó. Àwọn kan ṣe lébìrà, àwọn mìíràn dáko sórí ilẹ̀ onílẹ̀, wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀.

Ohun tí kòkó ṣe fún wa kò kéré. Òun ló kọ́ ilé alájà, òun ló rán ọmọ lọ sí ìlú òyìnbó. Láti 1947 ni ìjọba ti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tí ń ra kòkó, tí ń sọ iye tí àgbẹ̀ yóò gbà. Ní 1954, ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Owó tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ kì í tó iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun. Èyí tó ṣẹ́ kù wà lára ohun tí ìjọba fi ń ṣe iṣẹ́ ìlú. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959. Ilé Kòkó, àjà 26, parí ní Dùgbẹ̀ ní 1965. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó orí àti owó kòkó tó wálẹ̀ há àgbẹ̀ láàárín, wọ́n fárí gá ní 1968 sí 1969. Ẹ rántí Àgbẹ́kọ̀yà, ẹ rántí Tàfá Adéoyè ará Akànràn.

Gbogbo èyí ni a mọ̀, nítorí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n kọ iye tọ́ọ̀nù, wọ́n kọ iye owó, wọ́n kọ bí kòkó ṣe dára sí. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé ìgbìmọ̀ bí kòkó ṣe rí lẹ́nu.

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó dàgbà sí oko kòkó. Yóò sọ fún yín nípa ara funfun tó bo èso náà, tí àwọn ọmọdé máa ń mu nígbà tí wọ́n bá ń là á. Ó dùn, ó kan díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á kó o jọ, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà títí yóò fi gbóná, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á rọ ọ́ sápò, ó di ọjà. Ilé ìdáná kò sí lójú ọ̀nà rẹ̀.

Kì í ṣe pé a kò gbọ́n. Láti orí kòkó gbígbẹ dé ṣokoléètì, ọ̀nà jìn. Ó gbọ́dọ̀ yan, kí wọ́n bó èèpo rẹ̀, kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná títí òróró rẹ̀ yóò fi yọ. Ẹ̀rọ tó ń fún òróró yẹn kúrò tó fi ku ìyẹ̀fun kòkó, Netherlands ni wọ́n ti rí i, ní ọdún 1828, lọ́dọ̀ ìdílé Van Houten. Ṣúgà àti mílíìkì pẹ̀lú, owó ni wọ́n fi ń rà wọ́n, láti òkè òkun. Àwọn oníṣòwò kò sì béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ àgbẹ̀ ju kòkó gbígbẹ lọ. Owó ni kòkó bá wọlé, kò bá oúnjẹ wọlé.

Nígbà tó wá padà, inú agolo ló gbà wọlé. Ọdún 1965 tí Ilé Kòkó parí yẹn náà ni Cadbury Nigeria di ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí, Agídíǹgbí ní Ìkẹjà sì ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó. Ẹ wo máàpù lórí fóònù yín: Agídíǹgbí kò jìnnà sí Agége tí Davies àti Coker ti gbin kòkó. Ọmọ ilé padà wá gẹ́gẹ́ bí àlejò, ó ń jẹ́ Bournvita.

BABA DÚDÚ ŃKỌ́?

Kí kòkó tó padà wá yìí, ṣé a kò ní ohun dídùn ni? A ní. Àádùn wà, kúlíkúlí wà, gúrúńdì wà. Baba dúdú sì wà, èyí tí Màmá fi tọ́ ọmọ mẹ́rin.

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi rèé. Ẹ ó rin àgbọn, ẹ ó fún omi funfun rẹ̀ jáde, ẹ ó sẹ́ ẹ. Ẹ ó da ṣúgà sí i, ẹ ó gbé e kaná. Yóò hó, yóò ki, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, yóò wá dúdú. Ẹ ó máa rò ó kó má jóná. Nígbà tí ẹ bá kán an sínú omi tútù, tó dì, tí kò rọ̀ mọ́, ó ti jinná. Ẹ ó dà á sórí ohun tí ẹ ti fi òróró pa. Kó tó tutù tán ni ẹ ó fi ọwọ́ nà án, ẹ ó gé e wẹ́wẹ́. Tí ẹ bá jẹ́ kó tutù jù, ẹ ti pàdánù. Tí ẹ bá sì yá jù, àtẹ́lẹwọ́ yín ni yóò sọ fún yín.

Àṣírí ọgbọ́n náà rèé. Bí ṣúgà ṣe ń hó, omi inú rẹ̀ ń fò lọ. Bí omi ṣe ń dínkù, bẹ́ẹ̀ ni ooru rẹ̀ ń ga sí i. Ní nǹkan bí ìwọ̀n 112 sí 116 lórí Celsius, tí ẹ bá kán an sómi, yóò kóra jọ, yóò sì rọ̀. Ibẹ̀ ni fudge ti ń dúró. Tí iná bá ń bá a lọ, yóò kọjá ibẹ̀, yóò le, yóò sì pọ́n. Ibẹ̀ lọ́hùn-ún ni baba dúdú wà. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń rìn, ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ ní Fìdítì, èkejì dé Ọ̀yọ́.

Ta ló kọ́kọ́ se baba dúdú? Ìlú wo? Ọdún wo? Èló ni wọ́n ń tà á? Mo bi Màmá, wọ́n ní ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ àwọn làwọn ti kọ́ ọ. Ta ló kọ́ ìyá ọkọ wọn? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni okùn já.

Ẹ wò ó: àwọn ọmọge Vassar ń ṣeré lóru, ọ̀kan kọ lẹ́tà, ó di ìtàn. Àwọn ìyá wa ń fi baba dúdú san owó ilé ìwé, kò sí ẹni tó kọ ọ́. Kì í ṣe pé iṣẹ́ tiwọn kéré. Ìwé ni kò sí.

Ẹ JẸ́ KÁ SÈ É

Mo ti ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni kò ní lọ lọ́wọ́ òfo. Fudge ayé àtijọ́ tí a sè ní Ìmínì rèé, fún ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ nílé.

Ẹ wá ife ṣúgà méjì, ìdajì ife kòkó lílọ̀ tí kò ní ṣúgà nínú, ife mílíìkì kan, ṣíbí bọ́tà ńlá méjì, àti iyọ̀ fín-ín-fín. Bournvita àti Milo kọ́ ni mo wí o. Ṣúgà ti wà nínú ìyẹn, yóò da ìwọ̀n rú.

Ẹ po ṣúgà, kòkó àti iyọ̀ pọ̀ nínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn, kí ẹ tó da mílíìkì sí i. Ẹ lo ìkòkò tó tóbi, nítorí yóò hó sókè. Ẹ máa rò ó lórí iná díẹ̀díẹ̀ títí ṣúgà yóò fi yọ́ tán. Tó bá ti ń hó, ẹ yéé rò ó. Ẹ fi aṣọ tútù nu ṣúgà tó bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, nítorí ẹyọ ṣúgà kan péré tó bá já sínú rẹ̀ lè sọ gbogbo rẹ̀ di iyanrìn.

Ẹ fi omi tútù dán an wò bí Màmá ti ṣe. Tó bá ti kóra jọ tó sì rọ̀, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ ju bọ́tà sí i, ẹ má sì fọwọ́ kàn án. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe. Ẹ dúró títí ìdí ìkòkò yóò fi lọ́wọ́ọ́rọ́, tí ẹ lè gbé ọwọ́ lé e. Ó lè tó wákàtí kan. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá mú ọmọrogùn igi, kí ẹ rò ó bí ẹni ń ro àmàlà. Yóò kọ́kọ́ máa dán. Nígbà tí dídán náà bá parẹ́, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, ẹ yára dà á sínú tíréè tí ẹ ti fi bọ́tà pa. Tó bá ti dì, ẹ gé e.

Ìdí tí a fi ń dúró ni pé tí ẹ bá rò ó nígbà tó gbóná, ṣúgà yóò dì ní ẹyọ ńláńlá, ahọ́n yóò sì máa mọ̀ ọ́n. Tó bá ti tutù kí ẹ tó rò ó, ẹyọ kéékèèké tí ahọ́n kò lè mọ̀ ni yóò dì sí.

Màmá tọ́ tiwa wò. Wọ́n ní ó dùn, ṣùgbọ́n ó ti rọ̀ jù, ehín kò rí iṣẹ́ ṣe. Wọ́n ní kí n fi omi àgbọn rọ́pò mílíìkì nígbà mìíràn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ̀yin ará mi, mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òórùn kòkó àti òórùn àgbọn pàdé nínú ìkòkò kan, bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọn kò rí ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́.

KÍ Ó TÓ PẸ́ JÙ

Ní 2024, owó kòkó lọ́jà àgbáyé kọjá dọ́là 10,000 fún tọ́ọ̀nù kan fún ìgbà àkọ́kọ́. Nínú oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà, ó kọjá 12,000. Ìròyìn gbé e, gbogbo wa sì ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára. Ó dára. Owó kòkó kò ní sọnù nínú ìtàn láé, àwọn tí yóò kọ ọ́ pọ̀.

Ọgbọ́n ọwọ́ àwọn ìyá wa ni mo ń bẹ̀rù fún. Nígbà tí mo wà ní Ìmínì, mo gbé fóònù sórí àpótí, mo ní kí Màmá tún baba dúdú sè láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo gbà á sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 52. Mo béèrè èló ni wọ́n ń tà á nígbà tí ìyá mi wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé ìwé wo ni wọ́n ń jókòó sí, ta ló ń rà wọ́n láwìn tí kò san. Orúkọ àwọn ajẹgbèsè náà wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò ní dá wọn lóhùn lórí ètò yìí.

Lẹ́tà tiwa nìyẹn. Emelyn Hartridge lo gègé àti bébà. Ẹ̀yin ní fóònù tó ń ya fídíò lápò yín, tó ń kọ ọjọ́ àti àkókò sára ohun tó yà láìjẹ́ pé ẹ sọ fún un.

Nítorí náà, iṣẹ́ ilé tí mo fún yín lọ́sẹ̀ yìí kò le. Ẹ pe ìyá yín, ẹ pe ìyá àgbà, ẹ pe àǹtí tó ń ta nǹkan lẹ́nu géètì ilé ìwé yín nígbà kan. Ẹ béèrè ohun dídùn kan tí wọ́n mọ̀ ọ́n sè. Ẹ béèrè ẹni tó kọ́ wọn, ìlú tí wọ́n wà àti iye tí wọ́n ń tà á. Ẹ gbà á sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn sí i. Tí wọ́n bá ní ohun tí kò tó nǹkan ni, ẹ sọ fún wọn pé ibi kékeré báyìí ni ìtàn fudge náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìkòkò jóná o.